Márùn-ún Nínú Mẹ́wàá

Ilé wa, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àlọ kú àbọ̀ lójú títì, mo kí ọ kú ìfaradà ọ̀gá rẹ tí o ní ó máa ń han bí ẹ̀rọ tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ti dẹ́kun jíjò? Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o má ríṣẹ́ ṣe, òun ni yóò máa wá iṣẹ́ kiri títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi bàbá rẹ tí orúnkún ń dùn, àfi ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ ìwé tí mo fi wọn aṣọ ìyàwó olùkọ́, àti Kékeré àbúrò rẹ, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù dára, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, owó á sì tán níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Lẹ́tà kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún ọ pé ara Kékeré kò yá. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò yó ni. Jẹ́ kí n bọ́ ọ yó wàyí.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí a máa ń fi omi wọ́n lójú kó tó jí, ṣàdédé di ẹni tí oorun kò kàn mọ́. Kò sùn, kò jókòó, ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí òwú tó já bọ́ lórí tábìlì. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo ní ọmọ mi ti já fáfá. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó to bọ́tìnì ní àwọ̀-àwọ̀, ó fi epo sí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní òun máa dá ilé ìránṣọ sílẹ̀ ní ìlú mẹ́rìnlá, kí n bá òun wá ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ní ká fi ìlú méjì bẹ̀rẹ̀ ná. Ọjọ́ kan mo lọ ra síìpù, kí n tó dé, ó ti kó gbogbo aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀, ó ti rán wọn pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo tó fẹ̀ ju òrùlé wa lọ. Síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣòkòtò bíríkìlà wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ó ní oòrùn ń pa àwọn ará títì wa, òun máa fi aṣọ bo títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí àkàbà ni mo bá a, ó ń so etí kan mọ́ òpó iná. Bàbá rẹ sọ kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe sílẹ̀, ó sáré lọ fà á sọ̀kalẹ̀. Àti pé, ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ, ojú rírán náà tọ́ bí ìlà ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tú u.

Kò pẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ọmọ tí ìlú mẹ́rìnlá kò tó kò lè dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó kọjú sí ògiri. Kò wẹ̀, kò jẹun, bí mo bá pè é á ní òun ń bọ̀, kò sì ní bọ̀. Ọjọ́ kan ó ní kí n dárí ji òun pé òun wà láyé. Mo gbé sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Ìyá Agbọ́rọ̀dùn, èyí tó ń ta ọṣẹ lọ́ọ̀kán wa, wá bẹ̀ wá wò. Ó ní ẹnìkan ló fi ojú burúkú wo ọmọ náà. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí nínú gbogbo àdúgbò yìí òun nìkan ni ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ilé wa. Ó dìde fùú, ó gbàgbé ọṣẹ kan sílẹ̀. Mo fi fọ aṣọ.

Mo mú Kékeré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó rí wa, mo lè bí i, mo sì lè bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀. Odidi wákàtí kan ló fi bi ọmọ náà ní ìbéèrè tó sì ń tẹ́tí sí èsì, ohun tí bàbá rẹ kò tíì ṣe fún mi láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Nígbà tó parí, ó ní àìsàn kan ni, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Orúkọ náà gùn. Mo ká a sínú àpò, torí ohun tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kéèyàn máa gbé e sẹ́nu kiri. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn ọmọ náà máa ń gòkè kọjá ibi tó yẹ, á sì tún já wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ìwàkiwà, pé ọpọlọ ń ṣàìsàn bí ikùn ṣe ń ṣàìsàn. Ó ní oògùn wà, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó bá a lára mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n sì ń bá ọkọ wọn jà bí ẹlòmíràn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá bi í ní ìbéèrè tó kàn mí. Mo ní ṣé oògùn náà lè mú èyí tó ń já wálẹ̀ kúrò pátá, kó wá fi díẹ̀ sílẹ̀ lára èyí tó ń gòkè, pàápàá ní ìparí ọdún tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà wò mí títí. Ó ní rárá, mà. Mo ní mo kàn béèrè ni.

Bàbá rẹ ní tirẹ̀ ní inú òun kò dùn láti ọdún tí òun ti gbé mi níyàwó, kò sì sẹ́ni tó fún òun ní oògùn kankan. Mo ní oúnjẹ tí mo ń gbé síwájú rẹ̀ ni oògùn tirẹ̀, kó má jẹ́ kí n dá a dúró.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, obìnrin tó sanra, tó lójú àánú, ó gba fóònù tí o rà fún wa, ó tẹ nǹkan lára rẹ̀, ó ní kí a má bàa gbàgbé àsìkò oògùn ni. Láti ọjọ́ náà, bí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á pè. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Mo máa ń gbé e, mo máa ń kí i, mo máa ń sọ fún un pé a ti fẹ́ lò ó, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dáhùn. Mo rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kékeré ní kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ó ní fóònù ló ń dún fúnra rẹ̀. Mo ní ta wá ló ń sanwó ìpè. Ó ní kò sẹ́ni tó ń san án. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọdé lọmọdé ń jẹ́. Èwo ló ń dún lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí? Mo ṣì ń kí i. Ìkíni kì í ba nǹkan jẹ́.

Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló fún Kékeré ní ìwé tí wọ́n fa ìlà sí, ọjọ́ kan, ìlà kan. Ó ní kó máa kọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí síbẹ̀ lójoojúmọ́, láti oókan dé mẹ́wàá. Ó ń ṣàlàyé lọ, ṣùgbọ́n èmi ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, torí pé ẹni tó bá dúró gbọ́ àlàyé ni wọ́n máa ń sọ fún pé oògùn ti tán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí máàkì jẹ́. Èmi ka ìwé mẹ́fà. Ní ayé wa, ẹni tó bá gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń gba márùn-ún tó kù. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí a fẹ́ padà lọ rí dókítà, mo yọ ìwé Kékeré wò, ojú sì tì mí. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Mẹ́fà. Mẹ́rin. Ọjọ́ kan wà tó fún ara rẹ̀ ní méjì! Mo ní ṣé èyí la máa gbé lọ síwájú ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n lè ní olódo la bí, tàbí kí wọ́n ní oògùn àwọn kò ṣiṣẹ́ nílé wa, kí wọ́n gbà á padà. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Mo mú rọ́bà, mo pa á rẹ́ tónítóní, mo sì fún ọmọ mi ní mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Ọjọ́ tó bá mi fọ abọ́, ó ṣe mí bíi kí n fi mọ́kànlá sí i, mo ní kí n má ṣe àṣejù.

Dókítà wo ìwé náà, ojú rẹ̀ le. Ó bi Kékeré bóyá ó ń sùn. Mo ní ó ń sùn, sà. Ó bi í bóyá èrò ń sáré nínú orí rẹ̀. Mo ní orí rẹ̀ pé bí ìṣáná, sà. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Kékeré. Kékeré ń wolẹ̀, ó ní bí màámi ṣe wí náà ni. Dókítà tún wo ìwé, ó bi mí pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀? Mo gbé àyà síwájú, mo ní gbogbo rẹ̀ ni, sà, a ò fìdí rẹmi lọ́jọ́ kankan. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà yẹ̀ wò, ó dá ìwé náà padà fún mi, ó sì fi kún oògùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo rò pé ènì ni, bí ìgbà tí èèyàn ra ẹyin mẹ́wàá tí wọ́n fi ọ̀kan lé e.

Ènì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí ọwọ́ Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ tó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, kò lè fi òwú bá ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ń mu omi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń sùn lórí tábìlì láàárín ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, bí mo bá pè é, á gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n fà jáde látinú omi. Ní ọjọ́ kẹfà fóònù dún, mo kí nọ́ọ̀sì, mo gbé omi wá, Kékeré ní òun ò lo oògùn mọ́. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó di àpò oògùn náà, ó gbé e sórí ẹ̀rọ mi. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun ń gòkè, òun ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ó ní ní báyìí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ara òun mọ́, ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì.

Ọmọ mi, rò ó wò. Bó bá fi oògùn sílẹ̀, àkàbà ni tàbí ògiri, ọ̀kan ló máa padà wá, mi ò sì mọ èyí tí màá lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo halẹ̀ mọ́ ọn. Mo tilẹ̀ ka iye tí mo fi ra oògùn náà fún un, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ gbáà. Bàbá rẹ ní òun máa gbé ọ̀kan mì níṣojú rẹ̀ kó lè rí i pé kò burú. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá rẹ bá tún sùn ju bó ṣe ń sùn yìí lọ, àwọn èèyàn á máa wá kí wa kú ará fẹ́raku.

Ilẹ̀ mọ́, Kékeré ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí ẹ̀rọ mi, ó bá ìwé náà pàdé. Ó bi mí pé ta ló fún òun ní mẹ́wàá. Mo ní èmi ni, kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo bá a rín in, mo rò pé máàkì náà ló dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ẹkún ti wọ inú ẹ̀rín náà. Ó ní nínú ìwé yìí, mẹ́wàá ni ọjọ́ tí òun fẹ́ fi aṣọ bo títì, oókan sì ni ọjọ́ tí òun kọjú sí ògiri. Ó ní mo ti lọ sọ fún dókítà pé odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi wà lórí àkàbà.

Mo ní èwo wá ni máàkì tó dára. Ó ní àárín ni. Mo ní mi ò gbà, àárín kì í ṣe máàkì, àárín ni wọ́n ti máa ń na èèyàn.

Kò bá mi jiyàn. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ mi àtijọ́, ó na ìka sí ìdè roboto tí òwú ń gbà kọjá, èyí tí a fi ń fún òwú tàbí dẹ̀ ẹ́, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ó yí i dé òpin, ó ki àkísà kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹ̀rọ. Aṣọ náà hunjọ bí ojú arúgbó, òwú já pàù. Ó yí i wálẹ̀ dé oókan, òwú tú jáde lábẹ́ jàgbàjàgbà bí irun tí a kò yà. Ó wá yí i sí márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rán an, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó bi mí pé nọ́ńbà wo ni mo máa ń lò.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ránṣọ. Mi ò yí ìdè yẹn dé òpin rí láyé mi. Bí ọmọ-iṣẹ́ mi bá yí i débẹ̀, mo máa ń bi í bóyá inú ẹ̀rọ ni bàbá rẹ̀ sin owó sí. Mo wo aṣọ náà níwájú, mo yí i wo ẹ̀yìn, mo jókòó wọ̀ọ̀. Mo ní Kékeré, dárí jì mí.

A pe nọ́ọ̀sì. Kékeré ló tẹ nọ́ńbà náà, ọjọ́ náà ni obìnrin yìí sì kọ́kọ́ dá mi lóhùn láti ìgbà tó ti ń pè mí. Ó ní kí a má fi ọwọ́ ara wa dín oògùn, kí a má fi ọwọ́ ara wa dá a dúró, kí a máa bọ̀ kíá. Mo jẹ́wọ́ níwájú dókítà. Mo ní sà, èmi ni mo yí máàkì. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nọ́ọ̀sì ló bá mi wí, ó sì bá mi wí yó. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n dá oògùn náà padà sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà á máa fúyẹ́. Dókítà wá kọjú sí Kékeré, ó bi í bóyá ó máa gbà láti tún máa lò ó. Mo la ẹnu. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo pa á dé. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe lọ́dún yìí nìyẹn.

Kékeré na ìka mẹ́ta sókè. Ó ní òun máa lò ó, bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń di pẹ́ńsù mú, bí màámi kò bá dáhùn fún òun mọ́, àti bí màámi náà bá ní ìwé tirẹ̀ tí òun á máa fún un ní máàkì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ilé ìwé. Bàbá rẹ náà ti gba ìwé tirẹ̀, kì í kọjá mẹ́ta, àfi ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá borí, á fò dé mẹ́jọ, títí yóò fi rántí pé wọn kò pín nǹkan kan fún un níbẹ̀. Ọjọ́ tí Ìyá Agbọ́rọ̀dùn wá béèrè ọṣẹ rẹ̀, Kékeré fún mi ní mẹ́sàn-án, ó ní kí n lọ jókòó kí n mu omi. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ méjì fún ọjọ́ méjì, mo kàn jókòó tì í, mo ń gán bọ́tìnì, mi ò wàásù. Ọjọ́ kan ó kọ méje, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé sísọ́ọ̀sì pamọ́ kí òun má bàa gé aṣọ aláṣọ. Mo gbé e pamọ́, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Aṣọ ńlá yẹn, mo fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀, mo ta á síwájú ṣọ́ọ̀bù fún ìbòòji. Bíríkìlà rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ lókè níbẹ̀, ó ní kí n má tú u, pé òun ń gbádùn abẹ́ rẹ̀, kí n rán òmíràn fún òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ Kékeré yẹ̀ wò ní ká máa sanwó. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ẹ̀jẹ̀, ta ló ń gbà á, ta ló wá yẹ kó sanwó fún ta. Wọ́n ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, fi owó ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ èèyàn méjì ní àlọ àti àbọ̀, lóṣooṣù. Má fi sí báǹkì tó ní ẹ̀rọ lára ògiri, torí ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi níṣojú èrò. Ẹni tó bá ń béèrè àṣírí èèyàn ní gbangba, kì í ṣe ẹni à ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Fi pẹ́ńsù mẹ́fà kún un, èyí tí kò ní rọ́bà lórí. Kékeré ló ní kí n kọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi ọ́ lórí fóònù pé báwo ni, o máa ń ní dáadáa ni, Màámi, kò síṣòro. Ọdún mẹ́ta, kò síṣòro lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti mọ irú mẹ́wàá yẹn báyìí, èmi náà ti fi ọwọ́ mi kọ ọ́ rí. Bí o bá ń fèsì, kọ nọ́ńbà rẹ sókè lẹ́tà, èyí tó jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ méjì, màá wọkọ̀ wá.

Wọn ò ní fún ọ bí òwú títí o fi máa já. Wọn ò ní dẹ̀ ọ́ títí o fi máa tú. Ibi tó bá ọ mu ni ayé yóò bá ọ dé, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.

Mo tún kọ èyí sẹ́yìn ìwé kí n tó lẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ti pè, mo ti kí i, Kékeré ti lo oògùn rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé lónìí, márùn-ún. Òun ló kọ ọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án.